Ilẹ̀ Tí Ẹ Ń Tẹ̀ Nínú Ilé: Bó Ṣe Ń Dá Kún Ooru, Ọ̀rinrin àti Owó Iná ní Sabon Tasha

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, àpò èlùbọ́ mẹ́rin ló bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú sítọ́ọ̀ tí a gbà lẹ́yìn ọjà Sabon Tasha. Òkè àpò gbẹ, ó mọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tí ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ wá gbé e kúrò nílẹ̀, ìdí rẹ̀ ti bu, ó ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo inú sítọ́ọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé páànù ń jò. A ra páànù tuntun, a pe káfíńtà, a san owó iṣẹ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, àpò ìrẹsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin láti ìdí.

Bàbá bíríkìlà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Kàdúná, ló bá wa wo ibẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ wo òkè rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n ní: "Ìyá Ìbejì, òrùlé yín ò ṣẹ̀ yín o. Ilẹ̀ yìí ló ń mu omi, òun náà ló ń fún àpò yín mu."

Àwọn Hausa tó yí wa ká ní orúkọ fún un, danshi ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe omi tó ń ṣàn, ojú kì í tètè rí i, ó kàn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni tó kọ́ sítọ́ọ̀ yẹn da kọnkéré sórí erùpẹ̀ lásán, kò tẹ́ ọ̀rá kankan sábẹ́ rẹ̀. Owó ọ̀rá tí yóò tó yàrá náà kò tó owó àpò èlùbọ́ kan nínú mẹ́rin tí a dà nù.

Ìdí tí a fi ń kọ èyí ni pé àwọn èèyàn wa ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ungwan Boro, ní Ungwan Romi, títí dé Gonin Gora. Bí a bá ṣe ìpàdé ẹgbẹ́, tí ọ̀rọ̀ ilé bá délẹ̀, páànù aláràbarà, géètì àti táìsì la máa ń sọ. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà lábẹ́ táìsì náà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a bò mọ́lẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti da kọnkéré lé e lórí, ó di ká fọ́ ilé ká tó tún rí i.

Ẹ rántí bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe di ará Sabon Tasha. Orúkọ àdúgbò yìí, ibùdókọ̀ tuntun ló túmọ̀ sí, ìgbà kan sì wà tí kò pọ̀ tó báyìí. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kejì ọdún 2000, tí òmíràn tún tẹ̀ lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé ní apá àríwá ìlú sọdá odò Kàdúná wá sí apá gúúsù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í bi bíríkìlà bóyá ó ti kilẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ́lé kíákíá, ẹlòmíì kó ìdílé rẹ̀ wọ ilé tí wọn ò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀. A ò bú wọn o, orí ló ń wá ibi tí yóò gbé sùn nígbà náà. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn la ṣì ń gbé, òmíràn la yà gbé, ìsàlẹ̀ wọn sì ń gba owó lọ́wọ́ wa lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ooru. Ẹ wo kànga. Láàárọ̀ ọyẹ́, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ, ẹ fa omi kànga, ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ọ̀sán oṣù kẹrin, tí ojú ọjọ́ lé ní 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi kànga kan náà yóò tutù lọ́wọ́ yín. Omi ò yí padà, ojú ọjọ́ ló yí padà. Inú ilẹ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà mẹ́ta, ìwọ̀n ooru tó wà níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan láti January dé December. Ní Kàdúná níbí, ìwọ̀n náà sún mọ́ 25 sí 27.

Erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé jìnnà díẹ̀ sí ti inú kànga, ooru ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Síbẹ̀, nítorí pé oòrùn ò lè kan án, ó máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ ọ̀sán lọ. Páànù ń gba ooru wọlé, ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń gba ooru wọlé, fèrèsé náà ń gbà á. Lọ́sàn-án gangan, nínú gbogbo ara ilé, ilẹ̀ nìkan ló ń gba ooru kúrò lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọdé ti mọ èyí tipẹ́. Lálẹ́ oṣù kẹrin, tí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, ṣebí wọ́n á fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, wọ́n á lọ nà gbalaja sórí táìsì. Àwọn baba wa tó ń sùn lórí ẹní náà mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni àwa àgbà ń ṣe? A ó ra rọ́ọ̀gì tó nípọn, a ó tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri, a ó tún fi fóòmù sábẹ́ rẹ̀ kó lè rọ ẹsẹ̀. A ti bo ibi kan ṣoṣo tó ń gba ooru lọ́wọ́ wa nìyẹn, a ó wá lọ ra fáànù kejì. Nínú ọyẹ́, rọ́ọ̀gì dára, ilẹ̀ máa ń tutù jù láàárọ̀ kùtù, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà àti ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ìparí lọ, ẹ ká a, ẹ gbé e sórí àpótí. Ilé tiwa nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe é láti ọdún méjì sẹ́yìn, a kì í sì í tan fáànù yàrá ìgbàlejò tó ti tẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí 225 náírà fún kilowatt-hour kan, wọ́n wá dín in kù títí tó fi wá sí nǹkan bíi 209 láàárín ọdún náà. Ẹ fi 209 yẹn ṣírò. Fáànù òkè tó ń jẹ wáàtì 75, bí ẹ bá tan án fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, yóò jẹ kilowatt-hour 22 ààbọ̀ lóṣù, ìyẹn lé ní 4,700 náírà. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré tó ń jẹ wáàtì 900, bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìsinmi, owó rẹ̀ lóṣù lé ní 45,000 náírà. Ẹni tí kò sí ní Band A lè máa yọ̀ pé tòun kéré, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ ni tiẹ̀, a sì mọ ohun tí epo bẹntiróòlù ti dà láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

A ò sọ pé ilẹ̀ tó dára yóò sọ ẹ̀rọ amúlétutù di ohun ìgbàgbé o. Òrùlé ṣì ni ọ̀daràn àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ooru, ẹni tí kò ní àjà lábẹ́ páànù, àjà ni kó kọ́kọ́ kàn. Ohun tí a ń sọ ni pé àǹfààní tí Ọlọ́run fi sábẹ́ ẹsẹ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́, ká má fi ọwọ́ ara wa dí i.

Ọ̀rinrin ló wá ń ba àǹfààní náà jẹ́. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ṣe ń fa omi láti inú ilẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí ló kún inú wọn. Nígbà òjò, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí omi kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ní ibòmíràn lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tí kò ní ìdènà yóò máa fa omi náà wọnú yàrá. Yàrá tó bá rin, òógùn kì í gbẹ lára níbẹ̀, ooru kékeré á máa dà bí ooru ńlá. Ẹ ó ṣí fáànù dé nọ́ńbà márùn-ún. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, iná tó yẹ kó fi mú yàrá tutù, apá kan nínú rẹ̀ ni yóò máa fi fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Omi tó ń kán jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, láti inú yàrá ló ti wá.

Owó nìkan kọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde ní ọdún 2009 lórí ọ̀rinrin àti èébu inú ilé, wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀ pé àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìṣòro èémí ju àwọn mìíràn lọ, ikọ́ àti ikọ́ fée wà lára rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà òjò, kó wo ìdí ògiri yàrá ọmọ náà kó tó ra oògùn míì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ìdí ògiri ló máa ń sọ ọ́. Ọ̀dà á máa ṣí láti ilẹ̀ dé orúnkún, nǹkan funfun bí iyọ̀ á máa yọ lára rẹ̀, bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, á máa ṣẹ́ sílẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni, omi ló gbé e wá, omi gbẹ tán ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti òkè ni àbàwọ́n ti ń bọ̀, òrùlé ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Nǹkan mìíràn wà tó ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Nígbà míràn, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, tí afẹ́fẹ́ rin, táìsì á kàn máa láàgùn bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú fìríìjì. Ìrì nìyẹn, kì í ṣe danshi. Láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ẹ gé ọ̀rá funfun tó tó ojú ìwé ìròyìn kan, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ pinpin, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ orí ọ̀rá ló tutù, inú afẹ́fẹ́ ni, ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn gba inú ilé kọjá. A ṣe é nínú sítọ́ọ̀ wa. Abẹ́ ọ̀rá ni omi wà, ó pọ̀ débi pé ó ń kán.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé ìpìlẹ̀ dé òkè, àyè kan máa ń ṣófo láàárín búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ kan sí èkejì. Àyè yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó wọ ibẹ̀ ni erùpẹ̀ pupa tó mọ́, tí wọ́n ń dà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n omi sí, tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta, kí omi má lè rí ọ̀nà gòkè. Ká bu yanrìn tín-ín-rín sórí òkúta náà kó má baà dá ọ̀rá lu, ká wá tẹ́ ọ̀rá tó nípọn, kí etí ọ̀kan gun orí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì gba orí búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ kọjá kí ògiri má baà rí omi fà. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó ń da German floor. Kí ibi tí ọ̀rá wà lára ògiri fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ ìta lọ, nítorí òjò tó bá bọ́ sílẹ̀ máa ń ta sí ògiri. Ilẹ̀ tó sún mọ́ fadama, tí erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú tó ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń wú nígbà òjò, ìyẹn kọjá agbára bíríkìlà nìkan, ẹ wá ẹnjiníà.

Ohun tí a máa ń rí ńkọ́? Wọ́n á kó pàǹtí, èrúnrún búlọ́ọ̀kù, erùpẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò nínú dí àyè náà, wọn ò ní gún un, wọ́n á da kọnkéré lé e. Ọdún méjì, mẹ́ta, pàǹtí náà á jẹrà, á sọ̀ kalẹ̀, ihò á wà lábẹ́ German floor. Ẹ fi ìdí odó kan ilẹ̀ ilé yín káàkiri. Ibi tó bá ń dún bí àgbá, ihò ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń là, eku àti ikán máa ń fi ibẹ̀ ṣe ilé, ìtutù inú ilẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà kì í sì í dé òkè dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ti dá sí àárín.

Ọ̀rá náà, wọ́n mọ̀ ọ́n jí tàbí kí wọ́n dá a lu. A ti rí ibi tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá fún onílé wò láàárọ̀, tí àwọn lébìrà ń fi bàrúù gba orí rẹ̀ kọjá títí di ọ̀sán, ó ti ya bí àwọ̀n kí wọ́n tó da kọnkéré. Onílé ń fi fóònù ya fọ́tò, ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú òyìnbó pé iṣẹ́ ń lọ.

Ẹnìkan bi wá ní ìpàdé pé kí ló dé tí a ò kúkú gbé ilé kúrò nílẹ̀ pátápátá, bí ti àwọn Ìlàjẹ. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn èèyàn wa ní etí òkun ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, títí kan Ayétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, gbé ilé pákó lé orí òpó, bẹ́ẹ̀ náà ni Mákòko ní Èkó. Omi ló wà lábẹ́ wọn, kò sí ọgbọ́n míì. Atẹ́gùn òkun tó ń gba abẹ́ ilé kọjá ń gbẹ pákó, ó sì ń tu wọ́n lára. Kàdúná yàtọ̀. Nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, atẹ́gùn tí yóò gba abẹ́ ilé lọ́sàn-án, gbígbóná ni, nínú ọyẹ́ ó gbẹ, ó sì tutù. Ilé orí òpó á pàdánù ìtutù inú ilẹ̀ nígbà tí a nílò rẹ̀, á sì tún jẹ́ kí ọyẹ́ bá wa lábẹ́ ẹsẹ̀. Lójú tiwa, kí ilẹ̀ ilé kan ilẹ̀ ayé ló dára jù níbí, kí omi ṣáà má rí ọ̀nà gbà.

Àwọn ará wa tó wà ní London ń jìyà òdìkejì tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ nígbà Ọbabìnrin Victoria, pákó ni ilẹ̀ wọn, àyè ṣófo wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí ògiri ìta kí atẹ́gùn lè máa gbẹ pákó náà. Nígbà òtútù, atẹ́gùn ọ̀hún ń gba àárín pákó wọ yàrá, owó gáàsì á sì máa ròkè. Àwọn kan á fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà, pákó á wá jẹrà. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i níbẹ̀ ni pé wọ́n á fi nǹkan bí òwú tó nípọn há àárín igi tó gbé pákó dúró, wọ́n á fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀. Ẹ rí i pé àyè abẹ́ ilé ò ní òfin kan fún gbogbo ayé. Ní Ilé-Ifẹ̀ ayé àtijọ́, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá, wọ́n tò ó ní ìnàró, ó há mọ́ra wọn, òjò ò sì lè sọ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. Ìtàn fi í jẹ Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, pé òun ló pàṣẹ rẹ̀. Àpáàdì náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí dòní.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti dúró tán ńkọ́? Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Omi òrùlé tó ń bọ́ sí ìdí ògiri, ẹ fi gọ́tà gbà á lọ. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìta dà kúrò lọ́dọ̀ ilé, kó má dà sọ́dọ̀ rẹ̀. Òdòdó tí ẹ ń bu omi rin lójoojúmọ́, ẹ gbé e jìnnà sí ògiri. Bí erùpẹ̀ ìta bá ti ga dé ibi tí ọ̀rá wà, ẹ wà á kúrò. Ẹ má fi táìsì tàbí ọ̀dà olóròóró bo ìdí ògiri tó ń rin, omi náà á kàn gun òkè sí i láti wá ibi tí yóò gbà jáde ni. Bí àyè bá wà, ẹ gbin igi tí yóò ṣíji bo ìta, kó jìnnà díẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà wọ ìpìlẹ̀. Gbogbo àgbàlá tí a fi sìmẹ́ǹtì bò láti ògiri dé fẹ́ńsì, oòrùn ń dáná sí i lójoojúmọ́, ooru rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ ilé.

Ayálégbé tí kò lè fọ́ ilẹ̀ onílé, kó ṣe bí a ti ṣe nínú oṣù kẹsàn-án: a kan pákó tó gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ méjì, a sún àpò kúrò lára ògiri kí atẹ́gùn lè kọjá. Láti ìgbà náà, àpò kan ò bu mọ́.

A ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní owó kankan láti fọ́ ilẹ̀, a sì gbà pé kí a fọ́ ọ fúnra wa, kí ó yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún méjì, a kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, tí omi kànga bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa, Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A ti ra ọ̀rá náà, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa nílé, a sì ti sọ fún Bàbá pé a ò ní gbé e wá síbi iṣẹ́ àfi lọ́jọ́ tí kọnkéré bá ti wà nílẹ̀, tí àwa fúnra wa á dúró tì í.